Ẹ́ńjìnnì Tó Bá Àbùkù Wá Láti Ilé Iṣẹ́, Ọ́ìlì Ni Yóò Kọ́kọ́ Sọ Ọ́

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń retí ọ̀rọ̀ lórí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́. A óò padà sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo mú wá lónìí, nítorí ẹjọ́ kan tí wọ́n pè mí sí ní abúlé kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ló dáwó jọ fún ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó ra ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì díẹ̀ pé kó máa tọ́jú rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò nísàlẹ̀ bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Nígbà tó yá, ó dákú. Àwọn ìyá wọ̀nyí bínú gidigidi. Wọ́n ní ọmọ náà kì í da ọ́ìlì sí i, pé ńṣe ló ń ta ọ́ìlì tí wọ́n ń fún un lówó rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ wá owó ẹ́ńjìnnì wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ìyá ẹgbẹ́ sọ fún mi pé, “Ọ̀gá àgíríìkì, ẹ bá wa dá sí i. Owó gàrí wa ló jóná yìí.”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra, àràárọ̀ ni mo ń yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò.”

Mo ní kí wọ́n tú ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Ọ́ìlì náà pé. Mo fi ìka kàn án, mo fi àtàǹpàkò ra á, ó ń họ mí lọ́wọ́ bí ìgbà tí yanrìn bá bọ́ sínú ọṣẹ. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ yìí, kí wọ́n má sì da ọ́ìlì náà nù, pé mo ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìjà láàrin ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń lò ó, ẹni tó tà á àti ẹni tó ń ta ọ́ìlì kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń jà á.

Iṣẹ́ wo ni ọ́ìlì ń ṣe gan-an? Dísẹ̀lì tàbí bẹntiróòlù ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ní tirẹ̀ dà bí ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ́ sáàrin irin méjì kí wọ́n má baà fara kan ara wọn. Ó ń gbé ooru kúrò lára písítìnì. Ó ń dí àlàfo kékeré tó wà láàrin ríìngì àti ògiri sílíńdà. Ó sì ń kó ìdọ̀tí. Nítorí pé kò síbi tí kì í dé nínú ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kì í mọ̀. Ó dà bí odò tó gba ẹ̀gbẹ́ oko gbogbo wa kọjá: ohun tí wọ́n dà sí i lókè, ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ ni yóò rí i.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti jẹ ìyà yìí tipẹ́. Láàrin 1910 sí 1920, nígbà tí wọ́n ń fi katakata rọ́pò ẹṣin nínú oko, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe katakata pọ̀ bí eṣú. Àwọn kan mọṣẹ́, àwọn kan kàn ń ta irin tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Ilé iṣẹ́ kan wà nílùú Minneapolis tó wá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ford, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sára katakata wọn kí àgbẹ̀ lè rò pé Henry Ford, oníṣẹ́ ọkọ̀, ló ṣe é. Àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Wilmot Crozier, ra ọ̀kan. Kò jẹ́. Ó tún ra oríṣi mìíràn, ìyẹn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀kẹta tó rà, Rumely ni, ìyẹn sì ṣiṣẹ́ ju bí àwọn tó ṣe é ti sọ lọ. Ohun tó dun Crozier ni pé nínú ìwé ìpolówó, ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí bí àgbẹ̀ ṣe lè mọ èyí tó dára kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Crozier wọ ilé aṣòfin. Ní ọdún 1919, òun àti sẹ́nétọ̀ kan, Charles Warner, ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta katakata tuntun ní Nebraska àfi bí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà bá ti dán irú rẹ̀ wò, tí ilé iṣẹ́ tó ń tà á sì ní ibi tí wọ́n ti lè rí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ rà nínú ìpínlẹ̀ náà. Katakata Waterloo Boy ló kọ́kọ́ ṣe ìdánwò náà parí ní 1920. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé àbájáde wọn ayé ìgbà náà ni pé wọn kì í kọ agbára rẹ̀ nìkan. Wọ́n ń kọ iye epo tó jẹ, iye ọ́ìlì tó lò, àti gbogbo ohun tí wọ́n tún ṣe lára rẹ̀ kí ìdánwò tó parí. Ibùdó ìdánwò náà ṣì wà nílùú Lincoln títí di òní.

Henry Ford gan-an wá gbé katakata tirẹ̀ jáde ní 1917, ó pè é ní Fordson. Ó pọ̀, kò wọ́n, ó lé ní 700,000 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ ní 1928. Ẹ̀rọ tó gbé àgbẹ̀ kékeré ga ni, n kò ní í bú u. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì ló ń jẹ, bíi ti ọ̀pọ̀ katakata ìgbà náà, kẹrosíìnì kì í sì í tètè di oru bíi bẹntiróòlù. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì gbóná dáadáa, èyí tí kò jó nínú rẹ̀ á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀ kalẹ̀, á lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Àgbẹ̀ á fi ọ̀pá wọn ọ́ìlì, á rí i pé kò dín kù rárá, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ̀rọ òun kì í jẹ ọ́ìlì. Kò mọ̀ pé kẹrosíìnì ló ń rú sókè yẹn, pé ọ́ìlì tó kù ti ṣàn bí omi, kò lè gbé irin mọ́. Àwọn tó ń tú ọ́ìlì wọn dànù lóòrèkóòrè ni ẹ̀rọ wọn pẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ọ́ìlì yín ń pọ̀ sí i láìsí ẹni tó dà á sí i, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Epo ló ń jò wọ̀ ọ́, tàbí omi.

Èyí tó wá yí ayé ọ́ìlì padà ni ti Caterpillar. Ẹ pe orúkọ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ó jọ “katakata” tí àwa ń pè. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ta katakata ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀wọ̀n tó ń jẹ dísẹ̀lì. Inú àwọn tó rà á dùn, nítorí dísẹ̀lì kò wọ́n tó bẹntiróòlù, kì í sì í tètè tán. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í lo iná pílọ́ọ̀gì. Ńṣe ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀. Ooru orí písítìnì rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Ọ́ìlì tí wọ́n ń lò nígbà náà kò rí irú ooru yẹn rí. Bó bá dé kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ríìngì jókòó sí, ńṣe ló ń jóná mọ́ ibẹ̀ bí ọ̀gì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ríìngì á lẹ̀ pinpin. Ríìngì tó bá sì ti lẹ̀ kò lè tẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà mọ́: agbára á máa jò sísàlẹ̀, ọ́ìlì á máa gùn sókè lọ jóná, èéfín á bo gbogbo oko.

Ẹni tó ni katakata á ní ọ́ìlì ni kò dára. Ọlọ́ìlì á ní ẹ́ńjìnnì yín ni kò dára. Ẹni tó bá pe awakọ̀ ní aláìbìkítà náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé awakọ̀ kò ṣẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ayé ìgbà náà kò lè sìn. Àwọn Caterpillar kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìjà. Wọ́n pa pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ epo Standard Oil ti California, àwọn yẹn sì gbé ọ́ìlì tuntun kan jáde ní 1935, wọ́n pè é ní Delo. Àṣírí rẹ̀ ni ohun kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, ìbátan ọṣẹ ni. Bí ọṣẹ ṣe ń gbé ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ tí kò ní jẹ́ kó tún lẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún kòtò ríìngì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ìdánwò kan kalẹ̀: wọn á da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan, wọn á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún 480 wákàtí, wọn á tú u, wọn á wo ríìngì rẹ̀. Irú “ọṣẹ” bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ọ́ìlì dísẹ̀lì tòótọ́ tí ẹ ń rà lónìí.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn àgbẹ̀ jiyàn jù. Ẹ ó da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì, lọ́jọ́ kejì ó ti dúdú, ẹ ó sì sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Dúdú yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Dúdú èéfín ló ń fọ̀ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí omi rẹ̀ kò dọ̀tí, ẹ ó béèrè bóyá wọ́n fọ̀ ọ́. Ọ́ìlì inú kẹ́ẹ̀gì aláìlórúkọ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, èyí tí wọ́n ti lò tí wọ́n tún sẹ́, ni kí ẹ bẹ̀rù. Dúdú kò ba mi lẹ́rù. Èyí tó bá ń họ ìka ló ń bà mí lẹ́rù, ìyẹn ló sì gbé wa padà sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì àwọn ìyá wọ̀nyẹn.

Àwọn ẹ́ńjìnnì olójú irin ńlá méjì tí ẹ ń gbọ́ ohùn wọn ní ilé ìlọta abúlé, tí a ń pè ní Lísítà, ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìran wọn ti ṣẹ̀. Nǹkan bí 1930 ni ilé iṣẹ́ Lister gbé e jáde. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, agbára ẹṣin 6 ni, ó ń yí ní ìgbà 650 láàrin ìṣẹ́jú kan. Kò yára, kò sì kánjú, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Inú rẹ̀ rọrùn: nísàlẹ̀ apá irin tó so písítìnì mọ́ kiráńkì ni ohun kan wà bíi ṣíbí. Bó bá ti ń yí, ṣíbí náà á máa bu ọ́ìlì nísàlẹ̀, á máa fọ́n ọn káàkiri. Kò ní asẹ́ ọ́ìlì. Àwọn tó ṣe é gbà pé bí ọ́ìlì bá mọ́, tí a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lákòókò, kò nílò asẹ́.

Ní 1987 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nílùú Rajkot ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ti ń ṣe àfiwé rẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ń bá a lọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé o: àfiwé kì í ṣe ayédèrú. Bí kò bá sí àwọn ará Íńdíà yìí, ọ̀pọ̀ abúlé ni ì bá ṣì máa fi ọlọ lọ ata. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, mẹkáníìkì kékeré sì lè tún un ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe é bíi ti èkejì. Omíràn dára bíi ti Dursley. Omíràn, irin ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba, á máa mi ilẹ̀. Omíràn sì wà tó gbé yanrìn wá láti ibi tí wọ́n bí i sí.

Báwo ni yanrìn ṣe ń dénú irin? Yanrìn ni wọ́n fi ń mọ ihò tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí, kó lè gba ìrísí ikùn ẹ́ńjìnnì, bí a ṣe ń da ẹ̀kọ sínú ewé. Bí irin bá tutù, wọ́n á gbọn yanrìn kúrò. Ṣùgbọ́n díẹ̀ á ti jóná mọ́ ara irin, pàápàá ní kọ́lọ́fín. Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ á fọ̀ ọ́, á ha á, á sì kun inú rẹ̀ lọ́dà tí ọ́ìlì kò lè ṣí, kí ìwọ̀nba tó bá kù má baà lè bọ́. Ẹni tó ń kánjú kó ọjà jáde á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà bá dé oko, tí ó ń gbóná, tí ó ń mì, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ sínú ọ́ìlì, ṣíbí yẹn á sì máa bù ú fún bẹ́ríìnì jẹ. Kò sí asẹ́ tí yóò dá a dúró.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, mo mú mẹkáníìkì àgbà kan dání, mo sì mú mágnẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára rédíò àtijọ́. A rọra da ọ́ìlì orí kúrò nínú abọ́, a fi kẹrosíìnì fọ ohun tó sílẹ̀. Mo fi mágnẹ́ẹ̀tì, tí mo fi ọ̀rá wé, rà á kọjá. Irin lúbúlúbú lẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀. Èyí tó pọ̀ kò lẹ̀. Yanrìn ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, olóyè ni, orí rẹ̀ pé gan-an, ó ní, “Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí ló jẹ́ kí eruku wọ̀ ọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Eruku lè wọlé bí asẹ́ afẹ́fẹ́ bá ya tàbí bí wọ́n bá yọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀bi ẹni tó ń lò ó sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n eruku tó bá gba ibi afẹ́fẹ́ wọlé, orí sílíńdà ni yóò kọ́kọ́ jẹ, òun àti ríìngì òkè. A tú orí rẹ̀. Sílíńdà náà ń dán, kò ní àpá tó ṣe kókó. Bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀, tó mú kiráńkì dání, ni wọ́n ti jẹ bí àgbàdo tí kòkòrò jẹ. Mẹkáníìkì wá ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi súkúrúdíráfà ha kọ́lọ́fín inú rẹ̀, ó fi aṣọ funfun gba ohun tó bọ́. Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀. Yanrìn pupa, tí ooru ti sun, ló dà sórí aṣọ náà lójú gbogbo wọn.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ pe ọmọ yẹn wá fún mi.” Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti bá ìtìjú lọ sí ìgboro, ó ti ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́.

A gbé aṣọ funfun yẹn àti yanrìn orí rẹ̀ lọ bá ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì náà. Ó kọ́kọ́ ní kò kan òun, pé òun kò bá wọn kọ gárántì kankan. Òótọ́ ni, wọn kò kọ ọ́, ìyẹn sì ni àṣìṣe tí ẹgbẹ́ náà ṣe. Nígbà tí wọ́n jókòó tì í di ọ̀sán, ó fún wọn ní bẹ́ríìnì tuntun. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, kò san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn àgbà tó bẹ ọmọ náà padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ra ẹ́ńjìnnì kejì fún àgbàdo, wọ́n sì kọ gárántì oṣù mẹ́fà sínú ìwé kí wọ́n tó san owó. Ọmọ yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan án lọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ méjì ló fi ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, tó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha inú rẹ̀, tó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun fi jáde ní funfun, tó sì fi ọ̀dà tí kò ń bẹ̀rù ọ́ìlì kun ún. Ó tan án fún wákàtí mẹ́ta péré, ó tú ọ́ìlì náà ní gbígbóná, ó rọ tuntun sí i. Lẹ́yìn wákàtí 25, ó tún tú u. Yanrìn tó há jáde nínú ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn kún agolo mílíìkì kan. Ìyá ẹgbẹ́ gbé agolo náà sórí fèrèsé ilé ìlọta, ibẹ̀ ló wà nígbà tí mo kọjá kẹ́yìn.